Àlejò san ju onílé lọ, ọjọ́ tirẹ̀ ló tún kúrú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, inú ọkọ̀ ojú omi bàbá mi lórí ọ̀sà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìdẹ sí ìwọ̀. Ní oṣù kejì ọdún yìí, iṣẹ́ gbé èmi àti ìdílé mi kúrò ní Maryland wá sí Houston. A ò tíì tú ẹrù tán tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ròyìn ẹja àrọ̀ Lake Livingston fún mi.

Àárín oṣù kẹrin ni mo lọ ra láísẹ́ǹsì ìpẹja. Ọmọbìnrin tó ń tà á bi mí ìgbà tí mo dé, mo sọ òtítọ́. Ó ní ẹni tí kò bá tíì gbé Texas ju oṣù mẹ́fà lọ, àlejò ni. Èyí tó ṣeé lò nínú adágún àti lójú òkun, dọ́là 40 ni onílé ń rà á, àlejò ń san 68.

Mo san án, n kò bínú. Lára owó láísẹ́ǹsì ni wọ́n fi ń sin ọmọ ẹja tí wọ́n ń dà sínú adágún, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì fi nǹkan lé e. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí àwọn apẹja tó ti ibòmíì wá, tí wọ́n gbé ọtí lọ bá baálẹ̀ kí wọ́n tó ju àwọ̀n. Bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀, omi di tiwọn bíi tiwa. Kò sẹ́ni tó ka ọjọ́ fún wọn.

Ọjọ́ yìí gan-an ló ń dùn mí. Ìgbà yòówù kéèyàn ra láísẹ́ǹsì ọdún kan yìí, 31 oṣù kẹjọ ló ń kú. Onílé tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè san 47, kí tirẹ̀ pé ọdún gbáko láti ọjọ́ tó rà á. Wọn kì í ta irú rẹ̀ fún àlejò rárá. Mo ní màá fi owó lé 68 náà kí tèmi lè pé ọdún, wọ́n ní kò sí i. Bí mo ṣe san owó ọdún kan fún oṣù mẹ́rin àbọ̀ nìyẹn.

Mo bẹ àwọn aṣòfin Texas, kí wọ́n ta ọlọ́dún gbáko fún àlejò pẹ̀lú, ì báà tilẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀yin Yorùbá tó ń kó bọ̀ níbí náà gbọ́: bí ẹ bá dé nígbà ooru ibí, bí oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ẹ ra ti ọjọ́ kan, dọ́là 16, kí ẹ fi dúró de oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 17 kì í san nǹkan kan. Àwọn ìbejì mi ló kọ́kọ́ fa àrọ̀ jáde ní Livingston.

Bàbá Ìbejì,
Houston, Texas