Ọ̀nà kan ò wọjà, Àjọkẹ́

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà lójú títì tó o máa ń gbà láti Ọba-Ilé lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká, pé ẹ̀yìnkùlé lo ń gbà báyìí, inú sì ń bí ọ. Fara balẹ̀ wo ọ̀nà tuntun yẹn dáadáa kí wọ́n tó ṣí ti àtijọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ti ibùdókọ̀ kan, wọn ò ti òmíràn, ni èrò bá ń wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, nínú èrò 20 tí ọ̀rọ̀ náà kàn, nǹkan bí ẹnì kan ni kò padà sí ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Ọ̀nà tó yá ti wà nítòsí wọn látọjọ́ yìí. Wọn ò dán an wò ni.

Nítorí náà, kọ nǹkan mẹ́ta sínú fóònù rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì: aago tó o jáde, aago tó o dé, iye owó ọkọ̀. Má ka ọjọ́ kìíní sí, nítorí ìbéèrè ọ̀nà a máa jẹ àkókò. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọjọ́ Ajé kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ọjọ́rú. Ajé ni kó o fi wé Ajé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ibi tó níná tó sì lérò ni kó o gbà, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ká ní o jèrè ìṣẹ́jú 10 ní àlọ, 10 ní àbọ̀: ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú nìyẹn ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bó ò bá tètè fún un níṣẹ́, oorun á gbà á. So ó mọ́ ohun tó o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: bó o bá ti gbé báàgì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, kó o tó tan kọ̀ǹpútà, ka ojú ìwé 5 nínú ìwé ìdánwò ICAN rẹ, ìdánwò àwọn oníṣirò owó yẹn. Àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tọ èèyàn 96 lẹ́yìn lórí irú nǹkan báyìí. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ló ń gbà kó tó mọ́ni lára. Ó yá ẹlòmíràn ní 18, wọ́n ṣírò ti ẹlòmíràn sí 254. Bó o bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò tíì bàjẹ́. Ọjọ́ kejì ni kó o ṣọ́ra fún.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ibi tí rere ń gbà wọlé náà ni búburú ń gbà. Iná á lọ lóru, fáànù á dúró, ooru ò ní jẹ́ kó o sùn, wàá gbé fóònù. Iná á dé padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ò ní kúrò lára fóònù ní aago méjì òru mọ́. Tẹ́bìlì ẹnu ọ̀nà ni kó o ti máa gba iná sí i, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí. Ra aago kékeré tó ń dún, kó o má baà sọ pé torí aláàmù ni fóònù ṣe wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Fi àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní Àbámẹ́ta, ká jọ ṣírò rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Oǹdó