Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ẹ má kó aṣọ wá sílé mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àdúrótì wa. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ẹ má kó aṣọ wá sí ilé mi ní Ìgbògbò mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí a gbà lójú títì ni kí ẹ máa kó o wá. Ibẹ̀ la ó ti máa fọ̀ ọ́, ibẹ̀ la ó ti máa lọ̀ ọ́.

Àwọn kan ti ń bi mí pé, "Ṣé ìjọba ló lé yín ni?" Rárá o. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri mi. Èmi ni mo tètè sá kí wọ́n tó kọ ọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, báàfù méjì àti áyọ́ọ̀nù kan ni mo ní, aṣọ àwọn ará àdúgbò nìkan ni mò ń fọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìfọṣọ di mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ń dún wọ òru, omi ọṣẹ ń ṣàn gba iwájú ilé onílé kọjá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹ bá wá gbé agbádá òde Sátidé, mọ́tò yín á tò dé ẹnu géètì Bàbá tó ń gbé òdìkejì wa. Bàbá ò bú wa rí. Ó kàn bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé ilé la kọ́ síbí ni àbí ọjà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo tú ìwé púláànù ilé wa wò: ibùgbé ni wọ́n fọwọ́ sí. Òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010 sì béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ sọ ibùgbé di ibi òwò kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fọwọ́ sí púláànù ilé, ló ń fúnni níwèé yẹn. LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ló ń yẹ ilé wò, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn èèyàn pa. Èmi ti rò pé owó tí mò ń san fún káńsù ti bo gbogbo rẹ̀. Kò bò ó. Lóòótọ́, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ka ilé ìfọṣọ mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣàkóso, àmọ́ láísẹ́ǹsì iṣẹ́ lọ̀tọ̀, àṣẹ ìlò ilé lọ̀tọ̀.

Mo lè lọ tọrọ àyípadà yẹn. Mo rò ó títí, mo fi í sílẹ̀. Àdúgbò wa tóóró, kò síbi tí mọ́tò lè dúró sí, bí wọ́n bá sì gbà fún mi, Bàbá náà ni yóò máa jẹ̀yà rẹ̀.

Owó ṣọ́ọ̀bù ò kéré, nítorí náà agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ yóò fi ₦300 lé sí i. Iye aṣọ yòókù ò yí padà. Ẹ̀yin àgbà tí à ń wá gba aṣọ lọ́wọ́ yín nílé, a ó ṣì máa wá.

Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e kí oṣù tó parí. Aṣọ òkè aláwọ̀ àlùkò kan ti wà níbí láti Iléyá. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì