Kíka àwòrán eyín kì í ṣe iṣẹ́ ayàwòrán

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣègùn eyín sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ti gboyè tán ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì mọ ẹ̀ka tí wọn yóò kọjú sí. Iṣẹ́ abẹ ẹnu àti títo eyín ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀ka kíka àwòrán èkísíréè ẹnu, párì àti ojú kì í sábàá sí lára ohun tí wọ́n ń dárúkọ, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tí ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ni à ń wí.

Yíya àwòrán kì í pẹ́. Kíkà á ni iṣẹ́. Bí àbàwọ́n dúdú kan bá hàn nínú egungun párì ìsàlẹ̀, ó lè jẹ́ àpò omi lásán, ó lè jẹ́ kókó tí ń jẹ egungun díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Etí rẹ̀ ni a ó wò, bóyá ó mọ́ gẹ́rẹ́ ni tàbí ó rí jágajàga bí ohun tí ikán jẹ, a ó sì wo ohun tí ó ti fi gbòǹgbò àwọn eyín tí ó wà nítòsí ṣe. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí àrùn kankan níbẹ̀: ihò tí Ẹlẹ́dàá dá fún iṣan láti gbà jáde ni ó bọ́ sí abẹ́ gbòǹgbò eyín nínú àwòrán. Ihò yìí ti tan èmi náà jẹ rí nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, díẹ̀ ni ó sì kù kí n ní kí wọ́n tọ́jú eyín tí kò ṣe nǹkan kan.

Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni ẹ̀rọ tí ń yí orí ká, tí ń fi ìbú, òró àti jíjìn egungun hàn, ti dé sí iṣẹ́ eyín. Oníṣègùn tí ó fẹ́ gbin eyín kan ṣoṣo yóò wo ojú ibi tí ó fẹ́ gbìn ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè ti ya ihò ẹ̀gbẹ́ imú àti egungun ọrùn mọ́ ọn. Ta ni yóò wo ìyókù?

Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ kíka àwòrán ni. Òun náà ni yóò sọ pé kí a má ya àwòrán tí kò pọn dandan. Kells, tí ó wà lára àwọn oníṣègùn eyín tí ó kọ́kọ́ lo èkísíréè ní Amẹ́ríkà ní 1896, pàdánù ìka àti apá rẹ̀ nítorí ìpalára itànṣán náà. Ìwọ̀n tí à ń lò lónìí kéré jọjọ sí tìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò sí ewu rárá.

N kò ní fi adùn nìkan tan àwọn ọ̀dọ́ náà. Aláìsàn kì í sábàá mọ ẹni tí ó ka àwòrán òun, ẹni tí ọwọ́ ń yún láti gbẹ́ eyín yóò sì tètè sú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ti fọwọ́ sí ẹ̀ka yìí ní 1999, ọdún méjì sí mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Yunifásítì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ka àwòrán yìí ti ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè fi àwòrán ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹni tí yóò kà á níbi jíjìn.

Kí ẹni tí ó ń rò ó wò lọ jókòó ti ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó máa kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ọ̀gá tó sọ tirẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣègùn eyín kan