Àkànní, mo ti sọ ejò Nokia di Micra Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà níbẹ̀ yẹn? Òtútù Manchester ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́, iná ń lọ ó ń bọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ voice note ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí o ti ní ọmọ ẹ ọkùnrin sọ pé géèmù lòun fẹ́ máa ṣe tóun bá dàgbà, wọ́n sì ti ń kọ́ wọn ní Scratch, èyí táwọn ọmọdé fi ń to búlọ́ọ̀kù kóòdù pọ̀, níléèwé, o wá ní kí n sọ ibi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ torí o gbọ́ pé èmi náà ti di ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ta ló purọ́ yẹn fún ẹ? Fóònù ni mo ṣì ń tún ṣe o jàre, ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà níbi tí o mọ̀ ọ́n sí, ìrọ̀lẹ́ tí kọ́sítọ́mà bá ti dínkù ni mo tó ń jókòó ti laptop, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pátápátá ni mí. Ṣùgbọ́n géèmù kan wà lọ́wọ́ mi tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń jà dù ú ní ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ kí n kúkú ròyìn ẹ̀ fún ẹ, wàá rí i pé ìbéèrè ẹ náà ni mò ń dáhùn.

Ṣé o rántí ejò inú Nokia? 3310 bọ̀ọ̀dá yín, tá a máa ń yọ́ mú tí wọ́n bá ti sùn lọ́sàn-án? Ejò yẹn náà ni. Ará Finland kan tó ń jẹ́ Taneli Armanto ló kọ ọ́ sínú Nokia 6110 lọ́dún 1997, Snake II sì ni èyí tó wà lórí 3310 táwa mọ̀, tí ejò ẹ̀ lè wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kó sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Kì í tiẹ̀ ṣe Nokia ló kọ́kọ́ ní irú ẹ̀, Blockade ti wà láti 1976, inú àpótí ńlá tí wọ́n ń ju kọ́ìnsì sí lára ni wọ́n ti ń fi í ṣeré nígbà yẹn. Ìdí tí mo fi mú ejò ni pé ó kéré, mo sì mọ bó ṣe yẹ kó rí lójú kí n tó kọ ìlà kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù ládùúgbò wa ńbí, GTA ni gbogbo wọn fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, GTA tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe o, wọ́n á ya mápù, wọ́n á sọ orúkọ ọ̀daràn inú ẹ̀, wọ́n á ṣe group WhatsApp fún un, ibẹ̀ ló máa kú sí.

Python, èdè kan tá a fi ń kọ kóòdù, ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni, láti 1991 ni Guido van Rossum ti gbé e jáde, kò kọ laptop àgbà bíi tèmi. Pygame ni mo wá gbé lé e lórí, òun ló ń bá mi ṣí wíńdò, tó ń ya àwòrán, tó ń gbọ́ bọ́tìnnì tí mo bá tẹ̀. Mo rí kóòdù ejò kan tẹ́nì kan kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlà-ìlà, mi ò ṣe copy and paste. Sọ ìyẹn fún ọmọ ẹ dáadáa. Tó bá kàn kó o lẹ̀ mọ́bẹ̀, á ṣiṣẹ́, kò sì ní mọ ìdí. Tó bá tẹ̀ ẹ́, á gbàgbé àlàfo níwájú ìlà kan, Python á ní òun ò gbà, á wá lọ wò ó, ibẹ̀ lojú ti máa là.

Wò ó, ejò yẹn ò rìn rárá. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwa rò pé nǹkan gígùn kan ló ń wọ́ lórí sikirínì, irọ́ ni. Wíńdò mi fẹ̀ tó 600 pixel, àwọn ẹyọ tíntìntín tó di àwòrán lójú sikirínì, ó ga tó 400, mo wá gé e sí àpótí oní 20, ìyẹn jẹ́ ọgbọ̀n àpótí lọ ní gbọọrọ, ogún àpótí lọ sísàlẹ̀. Ejò kàn jẹ́ list, ìyẹn nọ́ńbà àwọn àpótí tó wà, tá a tò tẹ̀ lé ara wọn, ti orí ló ṣíwájú, ti ìrù ló kẹ́yìn. Tó bá di àsìkò àtirìn, kọ̀ǹpútà á fi àpótí tuntun kan kún iwájú, á yọ ìkan kúrò lẹ́yìn, àwọn tó wà láàárín ò sún rárá, ojú wa ló ń rí i bíi pé gbogbo ẹ̀ ló ń lọ. Tó bá wá jẹun ńkọ́? Á fi ìkan kún iwájú, kò ní yọ tẹ̀yìn. Ó tán. Gbogbo dídàgbà tí ejò yẹn ń dàgbà látọjọ́ yìí, ìlà kan tí wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín débi pé kọ́sítọ́mà tó mú fóònù wá fún charging port bi mí pé ṣé kò sí o.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́wọ́ bọ nọ́ńbà. Ìlà kan wà tó sọ pé clock.tick(8), ìyẹn ni pé kó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo sọ ọ́ di 20, ejò ya wèrè. Mo sọ ọ́ di 3, ó ń rákò. Ibí yìí gan-an ni kí ọmọ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé kó lọ ka ìwé parí kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Kó gba géèmù tó ti ń ṣiṣẹ́, kó yí nọ́ńbà kan, kó rọ́ọ̀nù ẹ̀, kó wo nǹkan tó yí padà, kó tún yí òmíì. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan o. Tó bá yí márùn-ún pọ̀ tí nǹkan sì bàjẹ́, níbo ló ti máa mọ èyí tó bà á jẹ́?

Nígbà tó yá ejò sú mi. Mo ní ta ló tún ń rí ejò n'Ìbàdàn, Micra tó ń ṣe táksí là ń rí. Orí ejò wá di Micra, oúnjẹ ẹ̀ di èrò tó ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ìrù ẹ̀ sì di go-slow! Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí Micra bá tẹ bíréèkì gbé èrò kan, mọ́tò kan á tò sẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ á máa gùn, tí dẹ́rẹ́bà bá sì fi orí sọ go-slow tí òun fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀, géèmù ti parí nìyẹn. Kóòdù ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí o, list kan náà ni, orúkọ àti àwòrán ni mo pààrọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó rí i ló ń sọ pé géèmù tuntun ni.

Mo wá ní kó má tán síbẹ̀. O ṣáà mọ Micra, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, ó ti kún. Mo fi òfin kan sí i pé tí èrò bá ti di mẹ́fà, èrò míì ò ní yọjú mọ́, gáréèjì Ìwó Road á yọ níbì kan lórí sikirínì, o gbọ́dọ̀ lọ já wọn sílẹ̀ kó o tó gba owó. Tó o bá já wọn, mọ́tò mẹ́ta á kúrò nínú go-slow. Mẹ́ta péré. Mo ti kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ kúrò, géèmù ò wá dùn, ó rọ̀ jù, èèyàn lè ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mẹ́ta yìí ló jẹ́ kí go-slow máa fi mẹ́ta gùn sí i ní gbogbo tíríìpù, ó ń fún ọ ní èémí díẹ̀, ó ṣì ń bọ̀ wá ká ọ mọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló dá gbogbo ìyẹn sílẹ̀ o, Àkànní, mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà lè ní ìwà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ wíńdò náà ńkọ́. Apá òsì àti apá ọ̀tún, mo jẹ́ kí wọ́n ṣí síra wọn bíi ti 3310, % 30 ni wọ́n ń fi ṣe é, % yìí ló ń sọ ohun tó ṣẹ́kù tá a bá pín nọ́ńbà: àpótí bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 29, tí Micra bá ti fẹ́ bọ́ sí 30, 30 tá a bá pín in sí ọgbọ̀n kò ní ṣẹ́kù nǹkan kan, á bá ara ẹ̀ ní 0. Àmọ́ òkè àti ìsàlẹ̀, gọ́tà ni mo fi síbẹ̀. Tó o bá kó sí gọ́tà, o kó sí i nìyẹn. Èrò náà, random, irinṣẹ́ Python tó ń ṣàdédé yan nǹkan, ló ń yan ibi tó máa dúró sí, o sì gbọ́dọ̀ sọ fún un pé tó bá bọ́ sáàárín go-slow kó tún yan òmíì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á lọ dúró sábẹ́ mọ́tò ẹlòmíì, o ò ní rí i, wàá kàn máa yí po.

Nǹkan kan wá fara pamọ́ sínú kóòdù tí mo tẹ̀ wọlé yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi ló tú u fó. Ọwọ́ ọmọ yẹn yá, ó máa ń kú nínú géèmù ṣáá, ó sì máa ń pariwo pé irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa, òun ò kọlu nǹkan kan. Gbogbo wa ní òun ló ń purọ́. Mo wá jókòó wo ìka ẹ̀. Òfin ti wà nínú kóòdù pé tí Micra bá ń lọ sápá ọ̀tún, kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé yí sápá òsì torí á kọlu mọ́tò tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí á tẹ òkè, á tẹ òsì, kíá, kí Micra tó gbé ìgbésẹ̀ kan pàápàá. Kóòdù á wò ó pé, ẹn, òkè là ń lọ báyìí, òsì ò léèwọ̀, á gbà á, bẹ́ẹ̀ Micra ò tíì lọ sókè rárá, ó ṣì kọjú sí ọ̀tún, ló bá yí padà kọlu ara ẹ̀. Bí mo ṣe tún un ṣe ni pé mo ní kó máa rántí apá tí Micra rìn sí kẹ́yìn lóòótọ́, kó máa fi ìyẹn wéra, kì í ṣe bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ náà ti ń gbéra ga báyìí, ó ní òun ni tester.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni kíkọ Yorùbá sójú géèmù. Mo fẹ́ kó kọ "Ó parí, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà!" tí géèmù bá tán. Ẹ lásán ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lórí ò ní ti ara ẹ̀, ẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, wọ́n á wá gbé àmì lé e, kódà tó o bá bi Python pé lẹ́tà mélòó ló wà nínú ẹ́, á ní méjì. Fọ́ńtì tí kò bá mọ iṣẹ́ á wá gbé àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó ya àpótí òfìfo síbẹ̀. Mo fi Noto Sans sí i, ó dáa díẹ̀, kò tíì wù mí tó.

Ọmọ ẹ ò nílò gbogbo ìyẹn ní báyìí ṣá. Kó dúró sórí Scratch náà, kò sí nǹkan tó ṣe é, MIT ló ṣe é jáde lọ́dún 2007, àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn ò sì jẹ́ kó máa jà pẹ̀lú àlàfo àti kọ́mà. Àṣìlò tí mo rí níbẹ̀ ni káwọn ọmọ kàn máa yí aṣọ ológbò padà láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan òfin géèmù. Bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí èyí bá yá sí i, tí èyí ò bá kú mọ́, kó lọ dán an wò. Tó bá sì di ọjọ́ tó máa kúrò ní Scratch wá sí Pygame, kìlọ̀ fún un: ní Scratch, àárín sikirínì ni 0, tó o bá fi kún y, nǹkan á gòkè. Ní Pygame, igun òkè lápá òsì ni 0, tó o bá fi kún y, nǹkan á lọ sísàlẹ̀. Tí wọn ò bá sọ ọ́ fún un, á rò pé orí òun ló dàrú.

Ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Micra mi ò lóhùn. Mo ti ní họ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹni tó máa pe èrò, o sì mọ̀ pé nínú gbogbo wa ìwọ lo máa ń sín àwọn agbèrò jẹ dáadáa. Wọ yàrá kan, ti ilẹ̀kùn kí àwọn ará ilé tó kù má pe ọlọ́pàá, kó o fi fóònù gba "Dùgbẹ̀ Dùgbẹ̀ Dùgbẹ̀, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" sílẹ̀, kí ọmọ ẹ bá wa pe "ó wà o!" fún ìgbà tí wọ́n bá dé gáréèjì. Má gùn ún, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ti tó, kó má sì sí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn. Ránṣẹ́ sí WhatsApp mi, màá yí i padà sí WAV, irú faìlì ohùn kan, fúnra mi. Tó bá ti dé, màá zip gbogbo fódà náà sí email ẹ, kí fódà náà, Python àti Pygame wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí ọmọ ẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Sọ fún un pé faìlì tó ń jẹ́ ofin.py ni kó kọ́kọ́ ṣí, gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀ ni mo fún un láyè láti yí, àfi iye èrò inú Micra.

Bá mi kí ìyàwó ẹ, kó o sì bi í pé ṣé ẹ̀lùbọ́ tí mo fi rán ẹnìkan sí yín dé.

Èmi ni tìẹ,
Àlàbí