Ìbùkún Tí A Kà Sí Ègún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà kí ó máa bá gbogbo yín gbé.

Ẹ̀kọ́ lórí ìdámẹ́wàá tí a bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí n máa bá lọ nínú ojú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò jẹ́ kí n lè kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ní òru tí aládùúgbò wa wá bẹ̀ wá pé kí á dín ariwo ẹ̀rọ orin wa kù mọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ ti gbọ́ ọ ní oríṣiríṣi, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi kún un. N kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ níhìn-ín, nítorí ìwé yìí ń dé ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ẹsẹ kan ṣoṣo nínú Ìwé Mímọ́ ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, mo sì bẹ̀ yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Ẹsẹ náà wà nínú Ìwé Òwe, orí 27, ẹsẹ 14: “Ẹni tí ó bá fi ohùn rara súre fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó dìde ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ègún ni a ó kà á sí fún un.”

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ kíyè sí ohun tí ẹsẹ yìí kò sọ. Kò sọ pé irọ́ ni ẹni náà ń pa. Kò sọ pé ìre tí ó ń sú kò ti ọkàn rẹ̀ wá, tàbí pé ó ń fi ṣe àṣehàn. Ìre ni ó sú lóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sì sú u fún. Kì í ṣe ọ̀lẹ, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti dìde. Gbogbo ohun tí àwa olùṣọ́-àgùntàn máa ń wá lára ọmọ ìjọ ni ọkùnrin yìí ní: ìfẹ́, ìtara, ẹnu tí ń súre, ara tí kì í rẹ̀ nínú iṣẹ́ rere. Síbẹ̀, ègún ni a kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ohun méjì péré ni ẹsẹ náà sọ pé ó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, èyí ni bí ohùn rẹ̀ ti ròkè tó, àti àkókò tí ó gbé ohùn náà sókè.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ni ẹni tí yóò ka ìbùkún náà sí ègún? Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ yẹn nìkan ni, à bá sọ pé aláìmoore ni, a ó sì fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ náà kò bá ọ̀rẹ́ tí a jí lójú oorun wí rárá. Kò sọ pé ọkàn rẹ̀ le, kò sọ pé ẹ̀mí búburú kan ni ó ń lò ó. Ẹni tí ó ń súre ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dojú kọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, ẹ̀yin ará: ènìyàn lè máa sin Ọlọ́run pẹ̀lú òótọ́ inú, kí ó sì máa jẹ gbèsè lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ní wákàtí kan náà, láìmọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí kò fẹ́ràn orin ni ó kọ irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀. Rárá o. Òwe 25:1 sọ fún wa pé òwe Sólómónì ni ìwọ̀nyí, tí àwọn ọkùnrin Hesekáyà ọba Júdà dà kọ. Hesekáyà yìí kan náà ni 2 Kíróníkà orí 29 sọ pé ó tún ilẹ̀kùn ilé Olúwa ṣí, tí ó sì tún fi àwọn ọmọ Léfì sí ipò wọn pẹ̀lú kímbálì, ohun èlò orin àti dùùrù, tí orin bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹbọ sísun bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, láàfin ọba tí ó dá orin padà sí tẹ́ḿpìlì ni a ti da ẹsẹ yìí kọ fún wa. Wọn kò rí i pé èkínní ń tako èkejì, èmi náà kò sì rí i.

Ní Ọjọ́rú, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, mo ní kí àwọn akọrin wa tan ẹ̀rọ bí wọ́n ti máa ń tan án nígbà tí a bá ta kánópì sí ojú títì. Mo wá lọ jókòó sí yàrá kan nínú ilé tí ó kángun sí tiwa. Wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n sì gbé ife omi kan ka iwájú mi lórí tábìlì. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ojú omi inú ife náà ń gbọ̀n, gíláàsì ojú fèrèsé sì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ láìdábọ̀. Mo tẹ́tí sílẹ̀ kí n lè mọ orin tí wọ́n ń kọ, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Orúkọ Jésù tí wọ́n ń fi gbogbo ẹnu pè níta kò wọ inú yàrá náà. Gbì-gbì-gbì ti báàsì nìkan ni ó wọlé, ó sì ń kì mí láyà. Arákùnrin wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe rí: ohùn ìsàlẹ̀ ń gba inú ògiri kọjá, ṣùgbọ́n ògiri máa ń dá ohùn òkè, tí ó ru ọ̀rọ̀ inú orin, dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìhìnrere ni à ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn rán sí àdúgbò, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ìlù ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìhìnrere ń kù sí ojú títì.

Arákùnrin yìí kan náà ni ó bá mi ṣírò rẹ̀. Desibẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ènìyàn méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítòsí wà ní nǹkan bí 60. Bí sípíkà bá ń gbé 100 jáde ní mítà 1 sí i, ní gbangba, nǹkan bí 6 ni yóò máa dín ní ìgbàkúgbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, nítorí náà ní mítà 32 yóò ṣì wà ní nǹkan bí 70. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká, ń bójú tó láti 2009, ka òru láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, òṣùwọ̀n tí ó sì fi sí òru ní ibi tí ó jẹ́ kìkì ilé gbígbé ni 35. Ní ibi tí ilé gbígbé àti ìṣòwò ti dàpọ̀, bíi tiwa níhìn-ín, 45 ni. Ẹ fi 45 wé 70. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ọdún 2016 ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ìbẹ̀rù LASEPA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó lórí àyíká, ni yóò kọ́ wa ní ohun tí Òwe 27 ti kọ́ wa tipẹ́.

Mo mọ àwọn ẹsẹ tí ẹ fi ń gbèjà ara yín. Ẹ ní Sáàmù 100 ní kí á hó ìhó ayọ̀ sí Olúwa. Òótọ́ ni, ẹ hó. Olúwa ni kí ẹ hó sí, ẹ má hó sí etí ìyá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó ń ka wákàtí lórí ibùsùn. Ẹ ní Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin láàárín òru nínú túbú. Wọ́n kọ ọ́, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16 sì sọ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń tẹ́tí sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí náà dé ìsàlẹ̀: nígbà tí wàhálà dé, igbe tí Pọ́ọ̀lù fi ohùn rara ké ní òru ọjọ́ náà ni pé kí onítúbú má ṣe pa ara rẹ̀ lára. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó rò. Àwọn mìíràn ní ilé ọtí tí ó wà ní ìkòríta ń lu ìlù mọ́jú, pé àwọn onínàáwó ń dí títì, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn wí. Ṣé ilé ọtí ni a wá ń wo àwòkọ́ṣe lára rẹ̀ báyìí? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹlòmíràn ní í báni rí tẹni. Bí ẹnìkan bá wá bá wa rí tiwa, ẹ jẹ́ kí á dúró kí á gbọ́.

Ní báyìí, n ó sọ̀rọ̀ láìfi bọpo bọyọ̀. Ẹni tí a bẹ̀ pé kí ó dín ohùn kù, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un, kì í ṣe ìtara Olúwa ni ó ṣe é, ìgbéraga ni. Ẹni tí ó gba máìkì tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba àdúrà iná lé ènìyàn tí ó wọ aṣọ ìsùn wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ti ṣi orúkọ Jésù lò. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ jókòó sí iwájú, tí ẹ rí i, tí ẹ pàtẹ́wọ́, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tí ó wọ́ ní òru ọjọ́ náà pọ̀, ẹ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ ọ́ sí orí WhatsApp láti ọjọ́ náà pé “àwọn ọ̀tá ìhìnrere”, ẹ pa á rẹ́ kí oòrùn òní tó wọ̀. Ọ̀tá wo? Nígbà tí a ń mọ ilé ìjọsìn yìí, kànga Bàbá Alhaji aládùúgbò wa ni a ti ń pọn omi tí a fi po sìmẹ́ǹtì, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń bá wa tọ́jú mọ́tò àlejò ní gbogbo ọjọ́ ìkórè. Nọ́ọ̀sì tí ń gbé ní òkè ilé kejì wà lára àwọn tí ó sáré wá nígbà tí ọ̀kan nínú ìyá ìjọ dákú láàárín ìsìn. Òun náà nílò oorun kí ó tó lọ dúró ti aláìsàn ẹlòmíràn. Omi tútù dára fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí a da á sí lójú lórí oorun kò ní dúpẹ́, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ má rò pé mo kórìíra ohun tí ẹ ń ṣe. Mo mọ owó tí ẹ dá fúnra yín kí ẹ tó ra míkísà yẹn. Mo mọ̀ pé láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bọ̀ wá sí ìfidánrawò, láìtíì jẹun. Orin yín ti gbé èmi fúnra mi dìde ní àwọn àkókò tí n kò lè sọ fún yín. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yìí gbọ́ ohùn yín kí ó sì máa pòṣé.

Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ti jókòó, a sì ti fẹnu kò. Láti ìsinsìnyí lọ, ètò ìyìn ti ìta gbangba yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yóò sì parí ní aago mẹ́jọ alẹ́. A kò ní dojú sípíkà kọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́, inú kánópì ni gbogbo wọn yóò máa dojú kọ, a ó sì dín báàsì kù. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìṣọ́-òru yóò ti máa wáyé, pẹ̀lú ẹnu wa àti àtẹ́wọ́ wa nìkan. Bí a bá ní ètò tí ó tóbi, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni a ó ti lọ sọ fún àwọn ará àdúgbò láti ilé dé ilé, àgbà ìjọ kan yóò sì fún wọn ní nọ́ḿbà tí wọ́n lè pè, kì í ṣe kí wọ́n máa wọ aṣọ ìsùn wá kan ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìsìn òní, mo ń lọ sí ilé tí ó kángun sí wa láti lọ bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀gá akọrin, alága àwọn ọ̀dọ́ àti méjì nínú àwọn àgbà bá mi lọ, kí a sì dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, wọ́n sì ní àwọn ń retí wa. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fi àdúrà tì wá lẹ́yìn, ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Olùṣọ́-àgùntàn yín

Ìkéde: Àyè kò tó, ẹ jọ̀ọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá yí padà sí Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kíláàsì ìrìbọmi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe é forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Àpòòwé ìkórè ti wà lọ́wọ́ àwọn alákòóso ẹgbẹ́. Àwọn tí ó yá àga ìjọ fún ìnáwó ní oṣù tí ó kọjá kò tíì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìmọ́tótó àyíká ṣọ́ọ̀ṣì di ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méje òwúrọ̀, kí olúkúlùkù mú ìgbálẹ̀ tàbí àdá wá.