Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kó má kàn máa wò ó

Olóòtú àgbà,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín. Lẹ́tà tí òbí kan kọ sójú ewé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tó ti ní kí ìjọba fòfin de fóònù àti kọ̀ǹpútà pátápátá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Òkè-Ògùn. Ohun tó ń ba òbí yẹn lẹ́rù kì í ṣe irọ́. Àwa náà ń rí ọmọ tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù lábẹ́ tábìlì, a sì ń rí èyí tó fi gbogbo òru wo fídíò, tí yóò wá máa tòògbé níwájú olùkọ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ wòran lásán, ọ̀lẹ ló ń dà. Ọmọ tó fi ẹ̀rọ kan náà ṣe nǹkan jáde, ojú rẹ̀ á là, ẹnu rẹ̀ á sì là pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí àti ìjọba bá wa fojú sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe. Àlọ́ àpagbè wà nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ JSS 2. Bí a ṣe máa ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni pé olùkọ́ á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ, á há a sórí de ìdánwò, ó parí. Púpọ̀ nínú wọn ò sì gbọ́ àlọ́ rí láyé wọn, torí tẹlifíṣọ̀n ti gba òṣùpá mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá ìyá àgbà, bàbá àgbà, tàbí àgbàlagbà èyíkéyìí nínú agbo ilé wọn, kó tọrọ àyè, kó sì fi fóònù òbí rẹ̀ gba àlọ́ kan sílẹ̀. Wọ́n kó o wá, òmíràn nínú mẹ́mórì káàdì, òmíràn láti orí Xender, áàpù tí wọ́n fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ láti fóònù kan sí òmíràn. Ariwo tó wà nínú ohùn wọ̀nyẹn kò kéré: adìyẹ ń ké, ọmọ ọwọ́ ń sunkún, ẹnì kan ń gún iyán lẹ́yìnkùlé. Mo gbádùn gbogbo rẹ̀.

A pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú àlọ́ kan, a sì kọjú sí kọ̀ǹpútà mélòó kan tí ilé ẹ̀kọ́ wa ní. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Scratch. MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde fún àwọn ọmọdé ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni, èèyàn sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Inú búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ mèremère ni wọ́n kọ àwọn àṣẹ sí: rìn síwájú, sọ̀rọ̀, dúró díẹ̀, tún un ṣe. Ọmọ á máa fà wọ́n, á máa so wọ́n mọ́ ara wọn, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ á sì máa ṣe bó ṣe tò ó. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ológbò kan ni ẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ lé ológbò kúrò. Wọ́n ya Ìjàpá sórí ìwé, a fi fóònù mú àwòrán rẹ̀, a gbé e wọlé.

Ọ̀wọ́ kan ló mú ìtàn tí gbogbo wa mọ̀, níbi tí babaláwo ti se àsèjẹ fún Yánníbo kó lè lóyún, tí Ìjàpá sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, tí ikùn tirẹ̀ wá ń wú. Àwọn ọmọ ní ikùn náà gbọ́dọ̀ máa wú lójú gbogbo èèyàn. Àṣẹ tí yóò fi 10 kún bí àwòrán ṣe tóbi tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìjàpá tó wà ní 100 di 200, ó bo ilé babaláwo mọ́lẹ̀, a ò rí nǹkan kan mọ́. Ìṣirò ló kù. Ọ̀kan ní kí wọ́n dín in kù sí 5. Òmíràn ní rárá, pé bí wọ́n bá ṣe gbe orin sí ni kí ikùn ṣe máa wú, ègbè kan, wíwú kan. Ó wá di dandan kí wọ́n padà lọ gbọ́ ohùn ìyá àgbà, kí wọ́n ka iye ìgbà tó dá orin náà. Ẹni tí kò bá mọ àwọn ọmọ yìí tẹ́lẹ̀ kò lè mọ ohun tí mò ń sọ: àwọn tó máa ń wo aago ni wọ́n wá ń bẹ̀ mí kí n má tíì lé wọn lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin méjì takú pé bí Ìjàpá ṣe gbé àsèjẹ mì ni ikùn ti wú. Ọmọbìnrin tó gba àlọ́ náà sílẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ohùn tó gbà. Ó lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú èsì: Ìjàpá ti délé, ó tilẹ̀ ti sùn, kí ikùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n tú búlọ́ọ̀kù wọn ká, wọ́n tún un tò bí ìyá ṣe wí. Mo fẹ́ kí òbí tó kọ̀wé sí yín ro èyí dáadáa. Fóònù tí òun ń bẹ̀rù yìí ló rán ọmọ yẹn padà sẹ́sẹ̀ àgbà, lẹ́ẹ̀mejì.

Ohùn ara wọn ni wọ́n fi sọ ìtàn náà nígbà tó yá. Bí ọmọ bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbi tó ti ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan gbé, kò sí pé olùkọ́ ń nà án. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un sọ.

Ẹ̀sùn mìíràn tó wà nínú lẹ́tà náà ni pé ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ ìwé fúnra rẹ̀, ló ń bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Òótọ́ ni, mo sì ti gba irú rẹ̀ rí, Yorùbá tó dà bí ẹni ń fi àgbàdo sẹ́nu sọ̀rọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí à ń fún wọn ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Bí mo bá ní kí ọmọ kọ ìtumọ̀ àlọ́ wá, ibi gbogbo ló ti lè rí i dà kọ. Bí mo bá ní kó lọ gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà tirẹ̀, ta ni yóò bá a gbọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ kàn yín o, ẹ̀yin ìjọba. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà, wọ́n sì pinnu láti pín 150,000 fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ tó lé ní 50 ló wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sì pọ̀ níbẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yin ìrònú yẹn, torí ó gba àpò wúwo léjìká ọmọ. Síbẹ̀ kíkà àti dídáhùn ìbéèrè ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ṣe é fún. Láti ìgbà tí JAMB sì ti sọ gbogbo ìdánwò rẹ̀ di ti kọ̀ǹpútà ní 2015, tí WAEC náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùdánwò aládàáni ní 2024, kọ̀ǹpútà ti di ibi tí à ń ti tẹ A, B, C, D lójú ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí ìdánwò bá ku díẹ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà.

Ohun kejì ni èdè. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tó kan kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan la fi ń bá ọmọ sọ ọ́? Nínú kíláàsì mi, Yorùbá ni wọ́n fi jiyàn lórí búlọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ náà sì yé wọn yékéyéké.

Ẹ má rò pé owó ńlá ló gbà. Iná ló ń dá wa dúró jù, torí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó lè máa fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí tábúlẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Dátà náà gbówó lórí lẹ́yìn tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, gbà ní oṣù kìíní 2025 kí wọ́n fi tó 50 nínú 100 kún iye tí wọ́n ń gbà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ju èyí tó ń pariwo. Àwọn kan fẹ́ràn Kahoot, eré ìbéèrè àti ìdáhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń múnú ọmọ dùn, ṣùgbọ́n dátà ló ń jẹ, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọn yóò fi dáhùn lọ́wọ́. Ẹ fún wa ní páànù sólà méjì àti bátìrì, kọ̀ǹpútà àlòkù bíi mẹ́wàá, kí ẹ sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní ìsinmi, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yóò ti fọwọ́ ṣe nǹkan, kì í ṣe sẹ́mínà ìrẹsì àti omi tútù.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yé gbé ojú ọmọ olọ́mọ sí Facebook àti TikTok torí pé iṣẹ́ wọn dára. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2023 ní kí a gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ ká tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, Ìjàpá nìkan ni èèyàn ń rí. A kì í gbé ojú ọmọ kankan síta.

Ẹ̀yin olóòtú, ohun kan wà tí ẹ lè bá wa ṣe. Ẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa fi àlọ́ tí wọ́n gbà lẹ́nu àgbà ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà àti orúkọ ìlú tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbà, tiwa ti wà nílẹ̀, àwọn òbí àwọn ọmọ náà sì ti fọwọ́ síwèé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.