Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìwé náà fúnra rẹ̀ lórí rédíò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ètò tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn òǹkọ̀wé lẹ́nu wò lórí rédíò, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, la fẹ́ sọ. Òǹkọ̀wé ń ráhùn pé òun sọ̀rọ̀ fún odidi ìṣẹ́jú 30, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó wá ra ìwé. Kò yà wá lẹ́nu. A gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, a gbọ́ bó ṣe kí ẹbí kí ará, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo látinú ìwé tó torí rẹ̀ wá.

Kí òǹkọ̀wé kà fún wa. Ojú ìwé tó ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 250 máa ń gba bí ìṣẹ́jú méjì tí a bá rọra kà á. Nínú ètò ìṣẹ́jú 30, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú méjì-méjì, ó tó. Ibi tí èèyàn méjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló dára jù, etí tètè ń mú un. Ibi tí orúkọ èèyàn mẹ́fà ti wọ́ jọ sójú kan, ẹ fò ó. Ẹ dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, kó tó di pé ó tú. Bó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ilé ni kí òǹkọ̀wé ti túmọ̀ ojú ìwé yẹn sí Yorùbá, kó má dán an wò níwájú míkírò.

Ẹ má sì gbé ìwé gan-an síwájú míkírò yẹn: ariwo tí ewé ìwé ń pa níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tẹ ibi tí ẹ fẹ́ kà sórí bébà ọ̀tọ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ìwọ̀n 16 lórí kọ̀ǹpútà, ojú kan ṣoṣo, láìfi píìnì dè é. Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ lójú bébà kan, kó parí síbẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, ẹni tó kọ ọ́ gan-an a sì máa kọsẹ̀. Ẹ fi bírò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà. Ìwé mìíràn wà tó lo ɛ àti ɔ, tí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ẹni tí ẹ àti ọ mọ́ lójú. Kí àwọn méjèèjì jọ wò ó ṣáájú.

Ẹ̀yìn ìwé nìkan ni àwọn kan nínú àwọn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ń kà. Ìbéèrè wọn ló ń tú àṣírí: “Kí ló mú yín kọ ìwé yìí?” “Ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́ ká rí kọ́?” Ni òǹkọ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ká ní ìwé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu ni. Ẹni tó kà á á bèèrè pé: “Ní orí kẹta, níbi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, orin ta lẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀, ta ló sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín?” Ìdáhùn èyí á lórúkọ, á ní ibi, bóyá á tilẹ̀ ní ìjà díẹ̀. Ojú ewé 40 lóòjọ́, ìwé ojú ewé 200 á tán ní ọjọ́ márùn-ún. Kí ilé iṣẹ́ rédíò ti gba ìwé lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ má fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé, á kọ ìdáhùn sílẹ̀, á sì máa kà á bí ìwé ìjọba. Kókó mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fọwọ́ bà ti tó o.

Bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ àgbà, ọmọdé kò ní lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago kò mọ àgbà. Kí wọ́n ti tọrọ ààyè ṣáájú: bí a bá gbé bébà pupa sókè, kí Bàbá fi gbólóhùn yẹn kádìí rẹ̀. Oríkì ìlà kan tó. (Ẹni tó bá fẹ́ ìyókù, kó dúró de ọjọ́ ìkómọ.)

Ti orí fóònù le díẹ̀. Ìlà fóònù lásán kì í gbé ju ìró 300 sí 3,400 hertz (ìwọ̀n bí ìró ṣe ga tó) lọ, s àti f a sì máa dà pọ̀: ẹ sọ “sà”, wọ́n gbọ́ “fà”. Bí òǹkọ̀wé kò bá lè kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́, kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù kejì bí ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀, nínú yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì, kó pa fáànù àti fíríìjì. Tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, nítorí ohùn tí wọ́n bá sọ sínú rẹ̀ tààrà a máa fún pọ̀.

Orúkọ ìwé, ẹ pè é níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti níparí. Ẹ sọ iye rẹ̀ ní séfà àti ní náírà, ìgbì rédíò kì í dúró lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di oní-10 láti ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, 01 ló sì ń ṣáájú; èyí tó wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn jẹ́ oní-8. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kà á sí gbangba, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ní méjì-méjì, kí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ má sì gbé orin wọlé títí ẹ ó fi kà á tán.

Àwa tó ń ṣètò ìwé kíkà lórí rédíò,
Àjàṣẹ́